Ẹ Yé Rọ Ìkókó Lómi

Ṣàṣà ni ilé ọlọ́mọ tuntun tí mo dé ní Òṣogbo yìí, ìbáà ṣe Òkè-Fìà tàbí ẹ̀yìn Ọjà Ọba, tí ọ̀rọ̀ yìí kì í jẹ yọ. Ọmọ á ké, ìyá àgbà kan á ní: "Ẹ fún un lómi, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ṣé ẹ ò rí bí ooru ṣe mú ni?" Tó bá wá jẹ́ oṣù Kẹta, tí páànù ilé gbóná, ìyá tó bá kọ̀, ọ̀dájú ni wọ́n á pè é. Ó ń dùn mí, nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ fẹ́ràn ọmọ náà dénú.

Pé ọmú nìkan ni kí ọmọ mu fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ níbi àyẹ̀wò aláboyún. Síbẹ̀, nínú ìwádìí ìjọba ti ọdún 2018, nǹkan bí ọmọ 29 péré nínú 100 tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ní Nàìjíríà ló ń mu ọmú nìkan. Lójú tèmi, ohun tí wọn kì í ṣàlàyé fún àwọn ìyá àgbà ni ibi tí omi ọmọ náà ti ń wá. Inú ọmú ló wà. Bí a bá pín wàrà ọmú sí ọ̀nà 100, nǹkan bíi 87 ló jẹ́ omi. Bí ooru bá mú, ọmọ á máa béèrè ọmú léraléra, ohun tó ń wá náà nìyẹn. Àwọn oníwádìí ti yẹ ìtọ̀ àwọn ọmọ tó ń mu ọmú nìkan wò ní Jàmáíkà àti Íńdíà, níbi tí ooru ò kéré, wọ́n sì rí i pé omi ara wọn tó.

Wọ́n á ní, "Ṣebí omi la fi tọ́ ẹ̀yin náà." Òótọ́ ni, a mu ún, a sì yè. Ṣùgbọ́n àwa tó yè nìkan ló kù láti sọ ọ́. Ta ló lè ka iye àwọn tí wọ́n pè ní àbíkú, tó jẹ́ pé ìgbẹ́ gbuuru látinú omi kànga ló gbé wọn lọ? Mo mọ̀ pé ìlú Ọ̀ṣun la wà, ibi tí omi àti ọmọ ò ti ṣeé yà nípa. N kò bá ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni jà. Ikùn ìkókó ni mò ń sọ.

Ikùn náà kéré. Wàrà pípọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́ lè má ju ṣíbí kékeré kan lọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì tó o. Ẹ rọ omi sí i, á yó, á sùn, kò ní fa ọmú. Ọmú tí a kò fà, wàrà rẹ̀ á máa dín kù. Tó bá yá, wọ́n á ní ọmú ìyá ò ṣàn tó, wọ́n á tún fi omi kún un. Kíndìnrín ìkókó náà ò tíì lè tú omi púpọ̀ dànù; omi àpọ̀jù á la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, èyí sì lè fa gìrì, gìrì kan náà tí wọ́n ń torí ẹ̀ rọ ọmọ lágbo. Ẹ tilẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́: wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí itan, wọ́n á ká àtẹ́lẹwọ́ sí i lẹ́nu, wọ́n á máa dà á títí tí kò fi ní lè mí àfi tó bá gbé e mì. Kò pẹ́ kí omi ta á lórí, kó wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Ọmú ìyá mìíràn kì í ṣàn tó lóòótọ́, pàápàá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ dà lára rẹ̀ nígbà ìbímọ. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnu ọmọ ni kò gbá ọmú mú dáadáa. Bí ọmọ bá ti lé ní ọjọ́ márùn-ún tí kò tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà láàárín wákàtí 24, tó ń sùn ṣáá tí kò jí mu ọmú, tàbí tí àwújẹ̀ rẹ̀ jìn wọnú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ìyá ni kí ẹ bu omi fún. Òun ló jókòó láti òru, tí orí ọmú rẹ̀ ti bó. Ẹ bá a gbé ọmọ kó sùn díẹ̀. Bí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ bá sì dé, ẹnu ìyá àti bàbá ni kí ẹ fi oyin kàn. Oyin lè ní kòkòrò àìfojúrí kan nínú tí ara ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ò lè bá jà.