Ọmọ ò tètè sọ̀rọ̀, ẹ fi abẹ́ ahọ́n ẹ̀ sílẹ̀ ná

N'Íléṣà níbí, bọ́mọ bá ti pé ọdún méjì tí ò tíì máa sọ̀rọ̀, ẹ máa gbọ́ tí ìyá àgbà kan á ní kí wọ́n la ẹnu ẹ̀, "ẹ wò ó, awọ abẹ́ ahọ́n yìí ló so ó, ẹ bá a gé e", kẹ́ẹ tó mọ̀, wọ́n ti ń wá olóòlà.

Awọ yẹn, gbogbo wa la ní in o. Ẹ lọ síwájú díńgí kẹ́ẹ gbé ahọ́n sókè. Nínú oyún, ní bíi ọ̀sẹ̀ kẹrin, ahọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wú jáde nísàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun, tọ̀tún tòsì ẹ̀ wá pàdé (ìlà àárín ahọ́n yín nìyẹn), ó kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, kí ohun tó so ó mọ́lẹ̀ tó máa kú díẹ̀díẹ̀ kí iwájú ẹ̀ lè ráyè jù. Èyí tó ṣẹ́kù ló di awọ yẹn. Tàwọn ọmọ kan wá kúrú jù tàbí kó nà dé góńgó ahọ́n, òun làwọn dọ́kítà ń pè ní tongue-tie.

Nítorí náà, ó wà lóòótọ́, àmọ́ ọmú ló sábà máa ń dí lọ́wọ́, ọmọ ò ní lè mú un dáadáa, orí ọmú ìyá á sì máa bó. Dọ́kítà lè gé irú ìyẹn, kì í pẹ́ rárá.

Ọ̀rọ̀ sísọ ńkọ́? Ẹ fi góńgó ahọ́n ti eyín ìsàlẹ̀, kẹ́ẹ wá pe "màmá", "bàbá", "gbà". Ó jáde àbí kò jáde? Ètè ló ń ṣe m àti b, gb sì ń lo ètè pẹ̀lú ẹ̀yìn ahọ́n. Irú l, r, t ni góńgó ahọ́n ń ṣe, ọmọ tí awọ ẹ̀ kúrú lè máa pe ìwọ̀nyẹn wọ́gọwọ̀gọ, àmọ́ á ṣáà máa sọ̀rọ̀. Èyí tí ò pe nǹkankan rárá, etí ẹ̀ ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ibà pọ́njú (jaundice) tó le lásìkò tọ́mọ ṣì wà ní jòjòló lè ba etí jẹ́ (káńfò tẹ́ ẹ ń kó sáàárín aṣọ ọmọ wà lára ohun tó ń fà á fáwọn tẹ́jẹ̀ wọn ò ní G6PD tó, ìyẹn èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀), àìsàn meningitis tó ń mú awọ tó bo ọpọlọ wú náà ńkọ́. Ẹ má sì sọ pé "ó ń gbọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn bá dún gbàgà", ọmọ lè gbọ́ ìyẹn kó má gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ohun tó jẹ́ kí ìgbàgbọ́ yìí máa lágbára ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ á padà sọ ọ́ fúnra ẹ̀, tí wọ́n bá ti wá gé e lóṣù tó kọjá, olóòlà ló gba ọpẹ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá àti ojú ihò itọ́ wà lábẹ́ ahọ́n níbẹ̀ o, abẹ tí ò mọ́ sì lè kó tẹ́tánọ́ọ̀sì ranni. Èyí tó ń dùn mí jù ni àsìkò, torí tí wọ́n bá gé e tán, wọ́n á tún jókòó máa retí kó sọ̀rọ̀ títí ọdún míì á fi yí po, etí ọmọ ọ̀hún, wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ọsibítù Wesley Guild ò jìnnà, ẹ gbé e lọ bá dọ́kítà ọmọdé, wọ́n á júwe ibi tí wọ́n ti ń yẹ etí wò fún yín.