Ẹ̀mí Mímọ́ kò gba ìwé lọ́wọ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán nílẹ̀ nínú àwọn ìjọ wa. Bí ẹnì kan bá dábàá pé kí àwọn pásítọ̀, àwọn alàgbà àti àwọn olùkọ́ Sọ́ńdè Sùkúù lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kódà kó jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹlòmíì á dìde, á ní: "Ẹ̀mí Mímọ́ ni olùkọ́ wa. Ṣé Pétérù lọ sí yunifásítì ni?" Àwọn èèyàn á ṣe àmín, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Owó tí à bá fi ra ìwé fún àwọn olùkọ́ á bá ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ mẹ́nu ba Ẹ̀mí Mímọ́. Wọ́n á ní àwọn ti jáde nílé ẹ̀kọ́ Bíbélì tipẹ́, wọ́n ti gbé òróró lé àwọn lórí, kí ló tún kù tí àwọn fẹ́ kọ́? Orísun kan náà ni èrò méjèèjì ti wá: pé ìgbà kan wà tí òjíṣẹ́ Ọlọ́run máa ń kúrò ní ọmọ ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń bà mí nínú jẹ́, torí àwọn tó ń sọ ọ́ nífẹ̀ẹ́ Ọlọ́run, tí ìjọ sì ń jìyà rẹ̀.

N kò ní máa ṣàlàyé bóyá ẹ̀kọ́ dára. Gbogbo ẹni tó ń ṣe àmín yẹn ló ń san owó iléèwé ọmọ. Ọ̀rọ̀ Pétérù ni kí a yanjú, torí òun ni gbogbo wọn máa ń sá tọ̀.

Ẹsẹ tí wọ́n dì mú ni Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 4:13, níbi tí àwọn ìgbìmọ̀ àgbà Júù ti rí ìgboyà Pétérù àti Jòhánù, tí wọ́n mọ̀ pé aláìkẹ́kọ̀ọ́ àti òpè èèyàn ni wọ́n, tí ẹnu sì yà wọ́n. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn wa máa ń dé tí wọ́n á pa Bíbélì dé. Ẹsẹ náà kò tíì tán: ó ní wọ́n wòye pé àwọn méjèèjì ti ń bá Jésù gbé. Wọ́n bá a jẹ, wọ́n bá a rìn. Bó bá pa òwe fáwọn èrò, yóò tún mú àwọn nìkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti là á yé wọn. Ó rán wọn níṣẹ́ ní méjì méjì, wọ́n padà wá jábọ̀ fún un, ó sì bá wọn wí níbi tí wọ́n ti kùnà. Pásítọ̀ wo lóde òní ló gba irú ẹ̀kọ́ àfojúkojú bẹ́ẹ̀? Ẹ wá wo ìwàásù ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. Pétérù fa ọ̀rọ̀ yọ látinú Jóẹ́lì, ó tún lọ sí Sáàmù 16 àti Sáàmù 110. Ó ní Dáfídì ti kú, wọ́n ti sin ín, ibojì rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ wọn títí di ọjọ́ yẹn, nítorí náà kì í ṣe nípa ara rẹ̀ ni Dáfídì ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí Ìwé Mímọ́ ṣàjèjì sí kò lè ṣe àlàyé yẹn. Ohun tí àwọn ìgbìmọ̀ rí ni pé kò jókòó lẹ́sẹ̀ rábì kankan bí Pọ́ọ̀lù ti jókòó lẹ́sẹ̀ Gàmálíẹ́lì.

Lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì wá ńkọ́? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a dúró sí, torí mi ò rí i kí àwọn tó ń fi Pétérù ṣe àwíjàre máa dé ibẹ̀. Nínú orí 10, Pétérù ti kún fún Ẹ̀mí Mímọ́, ó ti mú arọ lára dá, ó ti jí Dọ́káàsì dìde. Síbẹ̀ kò tíì yé e pé Ọlọ́run kì í ṣe ojúsàájú. Ìgbà mẹ́ta ni aṣọ títóbi kan tí ẹranko kún inú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀ lójú ìran, ó sì ní láti rìn dé ilé Kọ̀nílíù, ẹni tí kì í ṣe Júù, ní Kesaríà kó tó yé e. Àmì òróró wà lórí rẹ̀, ẹ̀kọ́ sì kù tí yóò kọ́. Nínú Gálátíà orí 2, ó dé Áńtíókù, ó tún ṣubú sínú àṣìṣe kan náà, ó yẹra fún oúnjẹ àwọn tí kì í ṣe Júù nígbà táwọn kan dé láti ọ̀dọ̀ Jákọ́bù. Pọ́ọ̀lù, tí ìpè rẹ̀ dé lẹ́yìn tirẹ̀, dojú kọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn.

Bí Pétérù bá jẹ́ irú alàgbà tó ń sọ pé òun ti kúrò ní ẹni tí wọ́n ń kọ́, ìjà ni ìyẹn ìbá dá sílẹ̀ títí láé. Ẹ ka 2 Pétérù 3, ẹsẹ 15 àti 16. Ó pe Pọ́ọ̀lù yẹn kan náà ní arákùnrin olùfẹ́. Ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn lẹ́tà Pọ́ọ̀lù bí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú wọn, ó ní àwọn nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ṣòro láti yé ni, tí àwọn òpè àti àwọn tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ ń lọ́ sí ìparun ara wọn. Apẹja tí wọ́n pè ní òpè ní Jerúsálẹ́mù ló dàgbà tó ń ka ìwé ẹni tó bá a wí, ó gbà pé ìwé náà le, ó sì ń kìlọ̀ fáwa náà nípa ewu tó wà nínú kí òpè máa túmọ̀ rẹ̀. Pétérù tí wọ́n ní kò nílò ẹ̀kọ́ nìyẹn.

Ẹsẹ kejì tí wọ́n máa ń mú wá ni 1 Jòhánù 2:27, pé ìfòróróyàn tí a ti gbà ń gbé inú wa, a kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa. Inú lẹ́tà ni Jòhánù kọ ìyẹn sí, ẹ̀kọ́ ló sì ń fi lẹ́tà náà kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹsẹ tó ṣáájú ló sọ ìdí: nítorí àwọn tó fẹ́ tàn wọ́n jẹ ló ṣe kọ̀wé. Àwọn kan ti dé, wọ́n ń sọ pé àwọn ní ìmọ̀ ìkọ̀kọ̀ kan nípa Kristi tí ẹlòmíràn kò ní. Àwọn yẹn ni Jòhánù ní ìjọ kò nílò. Ti 2 Kọ́ríńtì 3:6, pé ìwé a máa pani, kò yẹ kó gba àkókò wa: ẹsẹ 7 sọ pé òfin tí a kọ sára òkúta ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Pọ́ọ̀lù tó kọ ọ́ ló wà lẹ́wọ̀n, tí ikú ti sún mọ́ ọn, tó ní kí Tímótì bá òun mú aṣọ òtútù tí òun fi sílẹ̀ ní Tíróásì bọ̀, àti àwọn ìwé, pàápàá àwọn ìwé awọ.

Bí wọ́n bá rí i pé Bíbélì kò gbè wọ́n, orúkọ Bàbá Babalọlá ló kàn. Òótọ́ ni pé Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá kò kàwé lọ títí. Wọ́n fi iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, wọ́n sì ń wa katakata tí wọ́n fi ń tẹ títì lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ nígbà tí ìpè dé ní oṣù October, 1928. Ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn sí ohun tí Ọlọ́run fi wọ́n ṣe nínú ìsọjí Òkè-Oyè, Iléṣà, ní 1930. Ṣùgbọ́n àwọn wo ló yí wọn ká? D. O. Odùbánjọ, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú ìjọ, ń bá àwọn ìjọ Faith Tabernacle ní Philadelphia, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ̀wé síra wọn, ó sì ń ka àwọn ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ jáde. I. B. Akínyẹlé, tó di Ààrẹ ìjọ Christ Apostolic Church (CAC) lẹ́yìn náà, tó sì tún jẹ Olúbàdàn, ti kọ ìtàn ìlú Ìbàdàn jáde láti 1911. Àwọn tó ń kàwé ló gba wòlíì náà mọ́ra, tí wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́. Yunifásítì tí ìjọ náà dá sílẹ̀ ní 2006, tó ń jẹ́ orúkọ Babalọlá, wà ní Ìkéjì-Arákeji, níbi tí ìpè yẹn ti dé.

Ti ìjọ Ìràpadà (Redeemed) tún ṣe kedere ju ìyẹn lọ. Bàbá Josiah Akíndayọ̀mi tó dá a sílẹ̀ ní 1952 kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà. Ìjọ náà fúnra rẹ̀ ń sọ ìtàn bí wọ́n ṣe rí orúkọ ìjọ lójú ìran, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ láìmọ ohun tó túmọ̀ sí. Ta ló wá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn? Enoch Adébóyè ni, olùkọ́ yunifásítì tó gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ ìṣirò, tó ti ń túmọ̀ ìwàásù wọn sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí Bàbá Akíndayọ̀mi bá ka àìmọ̀wé sí àmì ìpè, mi ò rò pé wọ́n á fa ìjọ lé ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín látinú kíláàsì Sọ́ńdè Sùkúù, torí ibẹ̀ ni àìkẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe ìjọ léṣe jù. Jeremáyà 29:11 wà lára kàlẹ́ńdà, ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ èrò, wọ́n sì ń kà á ní gbogbo ìsìn ìparí ọdún: èmi mọ èrò tí mo rò sí yín. Olùkọ́ á kà á, á ní ọdún yìí ni ọ̀nà yín á là, ẹ dìde, ẹ gbà á. Ká ní ó ka ẹsẹ 10 ni, ì bá rí i pé lẹ́yìn 70 ọdún ní Bábílónì ni Ọlọ́run ní òun yóò bẹ̀ wọ́n wò. Ká ní ó ka ẹsẹ 5 sí 7, ì bá rí i pé Ọlọ́run ní kí wọ́n kọ́lé sílẹ̀ àjèjì, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n fẹ́yàwó, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún ìlú tó kó wọn lẹ́rú. Ká ní ó padà sí orí 28, ì bá pàdé Hananáyà, wòlíì tó ń sọ fáwọn èèyàn pé láàárín ọdún méjì péré gbogbo rẹ̀ á yí padà. Èké ni Jeremáyà pe ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹsẹ tí Ọlọ́run fi tako wòlíì ìyanu kíákíá la wá sọ di ìwàásù ìyanu kíákíá. Obìnrin tó ti ń wá ọmọ láti ọdún 15 ń gbọ́ irú ẹ̀kọ́ yẹn lọ́dọọdún, bí December bá sì ti dé láìsí ìyípadà, ó máa ń rò pé ìgbàgbọ́ òun ni kò tó. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gbà á ró wà níbẹ̀, àwọn ẹsẹ mélòó kan sókè. Dáníẹ́lì, tó jẹ́ wòlíì, tó ń rí ìran, sọ ní orí 9 ẹsẹ 2 pé inú ìwé ni òun ti mọ iye ọdún náà. Ìwé Jeremáyà yìí gan-an ló kà.

Àwọn nǹkan mìíràn sì wà tí ayé ti yí padà lé lórí láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ pásítọ̀ ti jáde nílé ẹ̀kọ́. Ní Nàìjíríà, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé jáde ní 2003, òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí ẹnikẹ́ni sì dé ní 2015. Òfin iléeṣẹ́ ti 2020 (CAMA) fún ìjọba ní agbára láti dá àwọn alábòójútó ìjọ tó forúkọ sílẹ̀ dúró, bí ọ̀ràn owó bá wọ́. Bí ọmọ kan nínú kíláàsì bá sọ fún olùkọ́ pé bàbá kan nínú ìjọ ń fọwọ́ kan òun, kí ni olùkọ́ yẹn á ṣe? Àwọn ìjọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀n ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní ìdáhùn ìbéèrè yẹn kí wọ́n tó fi ọmọdé sí ìkáwọ́ wọn. Nílé, ọ̀pọ̀ ló ṣì ń sọ pé kí a gbàdúrà sí i, kí a má tú ìjọ fó.

Ẹni tó bá ní òun kò ráyè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ jókòó sí sẹ́mínárì ní Ògbómọ̀ṣọ́ jàre. Ìyẹn kọ́ ni ọ̀nà kan ṣoṣo. Apólò jẹ́ oníwàásù tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, tó lágbára nínú Ìwé Mímọ́, síbẹ̀ ìrìbọmi Jòhánù nìkan ló mọ̀. Ákúílà àti Pírísílà, tọkọtaya tó ń pa àgọ́, mú un lọ sọ́dọ̀, wọ́n sì ṣàlàyé ọ̀nà Ọlọ́run fún un dáadáa sí i. Ní 1963, sẹ́mínárì àwọn Presbyterian ní Guatemala rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń darí ìjọ ní ìgbèríko jẹ́ àgbẹ̀ tó ní ìyàwó àti ọmọ, tí wọn kò lè wá gbé inú ọgbà iléèwé. Wọ́n wá ń gbé ẹ̀kọ́ náà tọ̀ wọ́n lọ: ìwé tí wọ́n á máa kà nílé, àti olùkọ́ tí wọ́n á máa pàdé nítòsí. Ọ̀nà náà tàn ká ayé, títí kan ilẹ̀ Áfíríkà. Ìpàdé ìmúrasílẹ̀ olùkọ́ ní ọjọ́ Sátidé, bí wọ́n bá ń fi kẹ́kọ̀ọ́ lóòótọ́ dípò kí wọ́n kàn pín ẹsẹ fúnra wọn, wà nínú ọ̀nà yìí.

Mi ò ní sọ pé ẹni tó kàwé jù ló ń bọ́ àgùntàn dáadáa jù. Júdásì náà wà níbẹ̀ nígbà tí Jésù ń túmọ̀ òwe. Àwọn pásítọ̀ kan wà tí oyè wọn gùn tí ìjọ wọn sì ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wà tí kò ka ju Bíbélì Yorùbá lọ tí mo lè fi ọkàn mi lé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá yẹn kì í yé kà á. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tó ya olùkọ́ rere sọ́tọ̀ ni pé kó ṣì máa jẹ́ kí wọ́n kọ́ òun, tí ìwé ẹ̀rí kò sì fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo mọ̀ dájú ni pé àwọn kan ti rí òùngbẹ ẹ̀kọ́ yìí, wọ́n sì ń fi jẹun. Ẹ ṣọ́ra fún iléèwé tó ń fúnni ní oyè dókítà láàárín oṣù mẹ́ta, tí owó aṣọ ìgboyè pọ̀ ju owó ìwé lọ. Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ béèrè orúkọ àwọn olùkọ́ àti ibi tí àwọn náà ti kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ní kí wọ́n mú yín wọ ilé ìkàwé wọn. Ẹ béèrè iye ìgbà tí ẹnì kan á ka iṣẹ́ tí ẹ bá kọ, kó sì sọ ibi tí ẹ ti ṣìnà fún yín. Bí wọ́n bá ní àwọn ní àjọṣe pẹ̀lú yunifásítì kan, ẹ lọ sí yunifásítì náà fúnra yín lọ wádìí kí ẹ tó san kọ́bọ̀.