"Àtútò" ni, kì í ṣe "àtúnkọ́": bí ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì tó ń fìdí rẹmi ṣe ń padà bọ̀ sípò

Mo wà nínú bọ́ọ̀sì láti Ọ̀bálẹ́ndé sí Yábàá, rédíò dẹ́rẹ́bà ń pariwo, ni olóòtú eré ìdárayá kan bá kéde pé ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà "ti bẹ̀rẹ̀ àtúnkọ́". Ọkùnrin tó jókòó tì mí yíjú sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ló wó ni?" Mi ò rí i bá wí. Ilé la ń kọ́. Ẹni tó bá gbọ́ àtúnkọ́ á máa ro búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì, ẹni tó bá sì kà á níbi tí wọn ò ti fi àmì sí i á rò pé ọmọléèwé ló ń tún àròkọ rẹ̀ kọ.

Ohun tí òyìnbó ń pè ní rebuild ni olóòtú yẹn fẹ́ sọ: ẹgbẹ́ tó ń fìdí rẹmi lọ́tùn-ún lósì, tí owó rẹ̀ ò sì tó ra ìràwọ̀ kan ṣoṣo, tó wá pinnu láti bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Gbogbo wa la mọ nǹkan náà. Orúkọ rẹ̀ là ń jà sí.

Àwọn kan ní àtúntò. Àtúntò ti di ti àwọn olóṣèlú, kò sí ìgbà tí ìdìbò ń bọ̀ tí a kì í gbọ́ àtúntò Nàìjíríà títí etí á fi di. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tí àtúntò ń sọ ni pé gbogbo nǹkan ṣì pé, ààyè wọn nìkan la fẹ́ yí padà, bí ẹni ń tún àga pálọ̀ tò nítorí àlejò. Ẹgbẹ́ tó pàdánù 60 nínú ìdíje 82, ṣé àga ló ń dà á láàmú? Àwọn mìíràn ní àtúnṣe. Bàtà tó já là ń tún ṣe. Ẹni tó ń kọ "ríbíìdì" ní tirẹ̀, mo fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Tèmi ni àtútò. A tú u, a tò ó. Bí àgbàtọ́ ṣe kó gbígbà àti títọ́ pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tó sì jẹ́ pé gbígbà ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, bẹ́ẹ̀ náà ni títú ṣe ṣáájú títò níhìn-ín. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn orúkọ yòókù tó ní títú nínú, bẹ́ẹ̀ títú ni ìdajì iṣẹ́ náà, òun ló sì ń dun àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ jù.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ tíṣà Yorùbá ní Súrùlérè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní tí n kò bá fi àmì sí i, àwọn èèyàn á kà á bí ìgbà tí èèyàn ń tutọ́. Mo ní tó bá jẹ́ pé a fẹ́ máa sá fún gbogbo ọ̀rọ̀ tí aláìfàmìsí lè bà jẹ́, a ò ní lè dárúkọ agbọ̀n tí bọ́ọ̀lù ń wọ̀ mọ́, torí agbọ́n tó ń ta ni wọ́n máa kà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ní títú ti le jù, pé ó ń rùn bí ẹgbẹ́ tó fẹ́ tú ká. Mo ní, ẹ ṣeun, òórùn tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nìyẹn.

Inú ìwé kọ́ ni mo ti rí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì ni, ní Múṣin, nígbà tí ẹ́ńjìnnì dánfó ẹ̀gbọ́n mi nọ́ọ̀kì. Ọ̀gá mẹ́káníìkì tẹ́ páálí sílẹ̀, ó to ẹ́ńjìnnì náà sórí rẹ̀ bí ẹni ń pàtẹ: písítọ̀n mẹ́rin lápá kan, kráǹkì tó fi àkísà wé lápá kejì, nọ́ọ̀tì kéékèèké nínú agolo mílíìkì tó bu pẹtiróò sí. Owó ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ò tó ìdajì ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní Ládípò. Ni ọ̀gá bá ní kó ta bátìrì tuntun tó wà nínú mọ́tò, kó ta táyà méjì tí kò tíì ju oṣù kan lọ mọ́ ọn. "Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò yìí á tó oṣù mẹ́ta lórí òkúta. Kó tó dìde, bátìrì á ti kú, oòrùn á ti jẹ táyà. Ẹ tà wọ́n báyìí tí wọ́n ṣì lówó lórí." Kọ̀ńdọ́ kan tó ń kọjá lọ rẹ́rìn-ín, ó ní à ń ta mọ́tò bí ẹni ń ta ẹran. Owó bátìrì àti táyà yẹn la fi ra kráǹkì tòkunbọ̀ àti ríìngì. Búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì nìkan ni ọ̀gá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, ó ní òun ni gbogbo nǹkan máa padà wá jókòó lé lórí. Mo bi í pé kí ló ń pe irú iṣẹ́ yìí. Ó wò mí tìyanu-tìyanu: "A tú u, a tò ó. Kí ló tún fẹ́ jẹ́?"

Ẹ wo Oklahoma City Thunder. Ní oṣù Keje 2019, ìràwọ̀ wọn, Paul George, ṣì wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù ní gbogbo NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé e fún Los Angeles Clippers. Lọ́dọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ ń tò yan agbábọ́ọ̀lù tuntun, àwọn tó ń fìdí rẹmi ló sì máa ń wà níwájú. Ohun tí wọ́n gbà padà ni ẹ̀tọ́ láti yan ọmọ tuntun ní ìpele àkọ́kọ́ nígbà márùn-ún, àǹfààní méjì láti bá Clippers pààrọ̀ ipò lórí ìlà yẹn, Danilo Gallinari, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì lò ju sáà kan ṣoṣo lọ, Shai Gilgeous-Alexander. Láàárín oṣù yẹn kan náà, ìràwọ̀ wọn kejì, Russell Westbrook, náà gba Houston lọ. Bátìrì ti lọ, táyà ti lọ. Kọ̀ńdọ́ ń rẹ́rìn-ín.

Sáà 2020 sí 2021, ìdíje 22 péré ni wọ́n borí nínú 72. Sáà tó tẹ̀ lé e, 24 nínú 82. Lẹ́yìn náà ló di 40, ó di 57, ó di 68, ní oṣù Kẹfà 2025 wọ́n lu Indiana Pacers nínú ìdíje keje àṣekágbá, wọ́n gba ife. Ọmọ tí wọ́n gbà bí ẹni gba ṣéńjì lọ́wọ́ Clippers ló wá di búlọ́ọ̀kù gan-an. Ọ̀kan nínú ẹ̀tọ́ márùn-ún yẹn ni wọ́n fi yan Jalen Williams ní ipò 12 lọ́dún 2022. Luguentz Dort, kò sí ẹgbẹ́ kankan tó yàn án lọ́dún 2019. Isaiah Joe, Philadelphia ló já a sílẹ̀ lọ́dún 2022 kí Thunder tó ṣà á. Àwọn tòkunbọ̀ ilé Ládípò nìyẹn, tí ẹni tó mọ ọjà ń yí wò kó tó ra ẹ̀yọ kan.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn, ìjà míì sì wà níbẹ̀. NBA ní iye tí owó àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kan kò yẹ kó kọjá lọ́dún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní sáà 1984 sí 1985 ní mílíọ̀nù dọ́là 3.6. Ní sáà 2024 sí 2025, ó ti lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 140. Salary cap ni orúkọ rẹ̀, ẹnìkan sì kọ ọ́ níbì kan, mo fi ojú ara mi rí i, pé "fìlà owó oṣù". Fìlà! Ṣé gọ̀bì ni àbí abetí-ajá? Gbèdéke owó oṣù ni, kò gba kí a jókòó ṣèpàdé lé e lórí. Ẹgbẹ́ lè kọjá gbèdéke ní àwọn ọ̀nà kan, ṣùgbọ́n bí ó bá kọjá ìlà míì tó ga ju ìyẹn lọ, wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ oríṣìíríṣìí ìtanràn yẹn, kó lọ bá akáǹtáǹtì. Èyí tó kàn wá ni pé owó ọmọ tuntun tí a yàn ní ìpele àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀ látàárọ̀, ẹgbẹ́ sì lè dì í mú ní iye pọ́ọ́kú yẹn fún ọdún mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí owó há fún fi ń fi ìràwọ̀ olówó gọbọi pààrọ̀ ẹ̀tọ́ láti yàn.

Ẹni tó bá sì ní àyè lábẹ́ gbèdéke lè fi àyè yẹn ṣòwò. Ní oṣù Kẹfà 2021, owó Kemba Walker wúwo lọ́rùn Boston. Wọ́n gbé e fún Oklahoma City, wọ́n sì fi ẹ̀tọ́ láti yan ẹni kẹrìndínlógún lọ́dún yẹn ṣe èènì. Ẹ ò rí i pé ọjà Oyíngbò náà ni.

Tí a bá tú tí a ò tò ńkọ́? Ẹ bi Philadelphia 76ers. Láti 2013, Sam Hinkie, ọ̀gá tó ń ra agbábọ́ọ̀lù tó sì ń tà wọ́n, tú ẹgbẹ́ yẹn títí kò fi ku nǹkan kan lórí páálí. Ní sáà 2015 sí 2016, ìdíje 10 ni wọ́n borí, wọ́n pàdánù 72, òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé fipò sílẹ̀ kí sáà yẹn tó parí. Láti 1983 ni wọ́n ti gba ife kẹ́yìn. Títú lásán nìyẹn, mi ò jẹ́ fún un ní orúkọ mi.

Ọmọ Èkó náà sì wà nínú ìtàn yìí. Houston Rockets borí 14 péré ní sáà 1982 sí 1983, wọ́n yan Ralph Sampson. Sáà kejì, 29. Àwọn àti Portland ta owó ẹyọ láti mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ yàn, ó bọ́ sọ́wọ́ Houston, ni wọ́n bá yan Hakeem Olajuwon lọ́dún 1984, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó, tó ti kọ́kọ́ ń gbá bọ́ọ̀lù afọwọ́gbá kó tó mọ básíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n dé àṣekágbá lọ́dún 1986, ife wá lọ́dún 1994 àti 1995. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti ń kùn pé ńṣe ni Houston mọ̀ọ́mọ̀ ń fìdí rẹmi kí wọ́n lè rí ọmọ rere yàn, ni líìgì bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ gègé láti 1985. Lọ́dún 2019, wọ́n dín àǹfààní tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ mẹ́ta tó burú jù ní láti kọ́kọ́ yàn kù sí ìdá 14 nínú 100. Ẹ lè burú títí, kí ẹlòmíì wá gbé ọmọ lọ.

Bí ẹ ṣe máa lò ó: ẹgbẹ́ ń wọ àtútò, ó ń wà nínú àtútò, ó sì ń jáde. Ẹ kọ ọ́ pọ̀, ẹ má fi ohunkóhun ya á láàárín. Ẹ sì lè gé e sí méjì bí ọ̀rọ̀ bá gba bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan ní Rowe Park, àwọn ọmọ kan ń jiyàn lórí ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn, ọ̀kan bi èkejì pé ibo ni wọ́n bá a dé. Ó ní, "Títú ni wọ́n ṣì ń tú." Ẹ jẹ́ kí olóòtú orí rédíò fi àtúnkọ́ sọ ìyẹn ká gbọ́.