Kí Ló Di Wágọ́nù Méjì Mú? Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ìkọ́ Rélùwéè

Ojú irin kò dé Iléṣà rí. Nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà rélùwéè láti Èkó lọ sókè, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Ìlọrin, ó fi àwa Ìjẹ̀ṣà sílẹ̀ lápá ọ̀tún. Òṣogbo ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ níhìn-ín ti kọ́kọ́ fojú kan wágọ́nù. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n bá bọ̀ láti ibẹ̀ ni mo kó jọ síbí, pẹ̀lú ti àwọn òbí wọn àti ti àwọn wẹ́dà tí wọ́n gbọ́ sí ọ̀rọ̀ náà. Òmíràn gùn, òmíràn ò ju gbólóhùn mélòó kan lọ.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló wà láàrin wágọ́nù kan àti èkejì? Ṣé wọ́n jó wọn pọ̀ ni?

Wọn ò jó wọn. Bí wọ́n bá jó wọn pọ̀, ọkọ̀ náà ò ní lè yí kọ́ọ̀nà, wọn ò sì ní lè yọ wágọ́nù tó fẹ́ dúró ní Ìlọrin kúrò lára èyí tó ń lọ Kánò. Orí irin ńlá kan ló wà ní ìparí wágọ́nù kọ̀ọ̀kan, níwájú àti lẹ́yìn. Ká ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ kò bí ẹni fẹ́ di ẹ̀ṣẹ́ tí kò dì í tán. Ṣe ti òsì bẹ́ẹ̀. Wá fi ọ̀kan kọ́ èkejì, kí o fà á. Ṣé o rí i pé kò já? Bí orí irin méjèèjì ṣe ń kọ́ra nìyẹn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti di ẹyọ irin kan ṣoṣo, tó ń yí lórí píìnì tó nà dúró, ó lè ṣí síta, ó sì lè pa wọlé. Apá kejì orí náà kì í yí, ó kàn ń tọ́ èkejì sọ́nà ni.

Kí ló wá jẹ́ kó há, tó tún ṣeé ṣí?

Inú orí irin yẹn ni àrà wà. Irin ìdènà kan wà níbẹ̀ tí ìwúwo ara rẹ̀ ń fà wálẹ̀. Kò nílò sípíríǹgì. Nígbà tí ìka irin bá ṣí, ìdí ìka náà ló gbé ìdènà yìí sókè, kò ráyè bọ́. Wágọ́nù kejì á wá rọra sún mọ́ ọn, kò gbọdọ̀ sáré: nǹkan bíi kìlómítà 6 ní wákàtí kan, ìrìn ẹsẹ̀ ẹni tó ń kánjú. Orí tirẹ̀ á ti ìka tó ṣí náà wọlé, àyè á yọ lẹ́yìn ìka, irin ìdènà á sì já sínú àyè náà, gbàgà! Ó tán. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń fà, bẹ́ẹ̀ ni ìdí ìka á máa tẹ irin ìdènà mọ́ ògiri, tí yóò túbọ̀ máa há.

Ìkọ́ kan tó ṣí ti tó. Bí méjèèjì bá pa, wọ́n á kàn forí gbárí ni, kò sì ní kọ́. Bó bá kọ́ tán, dírẹ́bà á fà á díẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé ó há lóòótọ́.

Láti tú u, irin gbọọrọ kan wà tó ti ibi ìkọ́ yọ dé ẹ̀gbẹ́ wágọ́nù. Òṣìṣẹ́ á dúró ní ẹ̀gbẹ́, lóde, á gbé irin náà sókè, ìdènà á bá a gòkè. Ṣùgbọ́n kò ní gòkè bí wọ́n bá ṣì ń fà á, torí ó ti há. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí i tí ẹ́ńjìnnì ń rẹ̀yìn díẹ̀ kí wọ́n tó já wágọ́nù sílẹ̀.

Ọmọ kan bi mí bóyá irin ìdènà ò ní fò sókè fúnra rẹ̀ bí ojú irin bá ń gbọ̀n. Ó lè fò, àwọn tó ń ṣe é sì ti rò ó. Wọ́n dá etí kékeré kan sí i lára tó máa ń kọ́ ara orí irin bí gbígbọ̀n bá fẹ́ gbé e sókè. Irin ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan ló lè yẹ etí náà.

Kí ni wọ́n ń lò kí èyí tó dé?

Ní Amẹ́ríkà, òrùka irin gígùn kan àti píìnì ni. Òṣìṣẹ́ á dúró sáàrin wágọ́nù méjì, ọ̀kan dúró, ọ̀kan ń bọ̀. Á fi ọwọ́ gbé òrùka náà kó lè bọ́ sínú ihò ti èyí tó ń bọ̀, bó bá ti wọlé, á sọ píìnì sí i. Ọwọ́ ènìyàn ló wà níbi tí irin méjì ti fẹ́ pàdé. Bó bá fa ọwọ́ yọ lákòókò, ó bọ́. Bó bá pẹ́, ìka lọ. Bó bá sì fẹsẹ̀ kọ lára igi tí irin sùn lé, tàbí tí ilẹ̀ ń yọ̀ lálẹ́ òjò, ọ̀rọ̀ náà ju ti ìka lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ ìtàn iṣẹ́ náà sọ pé ẹni tó bá ń wá iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń wò: bí ìka kan tàbí méjì bá ti dín, wọ́n mọ̀ pé ọ̀gá ni. Ìwé ẹ̀rí burúkú gbáà.

Irin ìgbà yẹn lágbára tó; ibi tí òṣìṣẹ́ dúró sí ni ewu wà. Bí àwọn ọmọ mi bá ń wo ìkọ́ èyíkéyìí, mo máa ń ní kí wọ́n má kọ́kọ́ béèrè iye tọ́ọ̀nù tó lè fà. Kí wọ́n béèrè ibi tí ẹni tó ń lò ó máa dúró sí.

Ta ló ṣe ti tuntun? Wọ́n ní aláwọ̀ dúdú kan ni.

Mo ti rí ìyẹn lórí WhatsApp lọ́pọ̀ ìgbà. Andrew Beard ni wọ́n ń sọ. Wọ́n bí i sí oko ẹrú ní Alabama ní 1849, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ (pátẹ́ǹtì, ìwé tí ìjọba ń fún ẹni tó ṣe ohun tuntun) lórí ìkọ́ rélùwéè ní 1897. Òótọ́ ni, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe é. Eli Janney ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìkọ́ oníka ní oṣù kẹrin 1873, ọdún 24 ṣáájú. Janney kì í ṣe ẹnjiníà; ó ti jagun rí, ilé ìtajà aṣọ ló sì ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Alexandria ní Virginia. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ẹ̀tọ́ ni ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn ènìyàn lórí ìkọ́ rélùwéè nígbà yẹn. A ò ní láti gba ti Janney fún Beard kí Beard tó níyì.

Bó bá ti wà láti 1873, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń pàdánù ọwọ́ ní 1900?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí, ìyá ọmọ kan ló sì bi mí, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́.

Owó ni àkọ́kọ́. Ìkọ́ tuntun wọ́n, ó sì di dandan láti fi sára gbogbo wágọ́nù. Òrùka àti píìnì kò tó nǹkan. Ìkejì le ju owó lọ: ilé-iṣẹ́ kan ń lo ti lágbájá, èkejì ń lo ti tàmẹ̀dò, wágọ́nù wọn sì ń pàdé lójú irin kan náà. Ní 1887 ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń kan wágọ́nù fẹnu kò sórí irú ti Janney. Janney náà sì yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ tó ní lórí ìlà ojú ìkọ́ náà, ìyẹn bí ojú tó ń kọ́ èkejì ṣe tẹ̀, kí ẹlòmíràn lè ṣe tirẹ̀ lọ́nà tí yóò fi bá ti gbogbo ayé mu. Lójú tèmi, ìyọ̀ǹda yẹn gba ọwọ́ là bí ìkọ́ fúnra rẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ò mira. Àgbẹ̀ kan láti Iowa, Lorenzo Coffin, fi ọ̀pọ̀ ọdún rojọ́ ọ̀rọ̀ yìí kiri, bí wọ́n ṣe ń lé e kúrò níbí ló ń yọ lọ́hùn-ún. Ní 1889, ààrẹ Benjamin Harrison sọ fún ilé aṣòfin pé ìtìjú ni kí òṣìṣẹ́ máa wà nínú ewu tó tó ti ọmọ ogun lójú ogun. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta 1893, ó fọwọ́ sí òfin tó ní kí wágọ́nù ní ìkọ́ tó ń kọ́ fúnra rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ má bàa wọ àárín. Wọ́n fún àwọn ilé-iṣẹ́ di ìbẹ̀rẹ̀ 1898, wọ́n tún sún un di oṣù kẹjọ 1900.

Ní oṣù kẹjọ ọdún náà gan-an, ní Promontory ní ìpínlẹ̀ Utah, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Johnson so ẹ́ńjìnnì mọ́ kóòṣì oúnjẹ. Ìkọ́ Janney wà lára ẹ́ńjìnnì. Ìkọ́ Miller, irú mìíràn, wà lára kóòṣì. Àwọn méjèèjì ń kọ́ fúnra wọn, ṣùgbọ́n wọn ò lè kọ́ ara wọn. Johnson wọ àárín, irin fọ́ ọwọ́ rẹ̀, dókítà gé e lókè ọrùn ọwọ́. Ó pe ilé-iṣẹ́ Southern Pacific lẹ́jọ́, àwọn ilé-ẹjọ́ ìsàlẹ̀ sì ní ilé-iṣẹ́ jàre: ṣebí ìkọ́ tí òfin ní kó wà ló wà yẹn? Wọ́n tún ní òfin sọ̀rọ̀ wágọ́nù, ẹ́ńjìnnì kì í sì í ṣe wágọ́nù. Ní 1904 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ìdájọ́ náà nù. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ má bàa wọ àárín ni wọ́n ṣe ṣe òfin, ìkọ́ tí kò bá lè kọ́ ti ẹni kejì láìsí ọwọ́ ènìyàn kò tíì tẹ́ òfin lọ́rùn, ẹ́ńjìnnì sì wà nínú ohun tí òfin náà mú.

Mo ń jó irin ní Òkèṣà. Wọ́n ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ìka irin yẹn kó má lágbára tó ìyókù. Ṣé irọ́ ni?

Òótọ́ ni, ọ̀gá. Bí fífà bá pọ̀ jù, nǹkan kan gbọ́dọ̀ já. Bó bá jẹ́ orí ìkọ́ tàbí irin tó gbé e sínú wágọ́nù ló já, wágọ́nù náà di ti wọ́kíṣọ́ọ̀bù. Bó bá jẹ́ ìka ló já, wọ́n á yọ píìnì, wọ́n á fi òmíràn sí i lójú ọ̀nà níbẹ̀. Ó wúwo, ó lé ní kìlógíráàmù 30, àmọ́ ènìyàn lè gbé e. Ẹ má sì bẹ̀rù pé wágọ́nù tó já á máa yí lọ fúnra rẹ̀: họ́ọ̀sì tó ń gbé afẹ́fẹ́ bíréèkì á já pẹ̀lú rẹ̀, afẹ́fẹ́ á tú, bíréèkì á sì mú lápá méjèèjì.

Ti wágọ́nù tó ń gbé epo àti gáàsì ńkọ́?

Bí ọkọ̀ bá yẹ̀ lójú irin, orí ìkọ́ lè yọ́ gòkè kúrò lára èkejì, nítorí ìkọ́ lásán ò dí òkè àti ìsàlẹ̀. Yóò wá gún orí táńkì tó wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn irú jàǹbá bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, láàrin àwọn ọdún 1970 sí 1980, òfin ní kí ìkọ́ wágọ́nù tó ń gbé ohun eléwu ní pẹpẹ irin lókè àti nísàlẹ̀, kí èkejì má lè gòkè, kó má lè já bọ́. Wọ́n tún fi irin nípọn bo orí táńkì.

Bí ọkọ̀ bá dúró, ṣé a lè gba àárín wágọ́nù kọjá sí òdìkejì?

Ẹ má dán an wò, kódà bí gbogbo ará ọjà bá ń ṣe é. Àyè díẹ̀ máa ń wà lójú ìkọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣí, ó kọ́kọ́ fa wágọ́nù kìíní, lẹ́yìn náà ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìdí. Èyí ń ran ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, torí kò gbé gbogbo ẹrù lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́bàá wágọ́nù ọgbọ̀n kò rí nǹkan kan tó ń mì, kó tó fò lójijì.

Ṣé kò wá sẹ́ni tó ń wọ àárín mọ́?

Wọ́n ṣì ń wọ̀ ọ́. Bíréèkì afẹ́fẹ́ tí George Westinghouse gbé jáde ní 1869 ń gba inú họ́ọ̀sì láti wágọ́nù dé wágọ́nù, ìkọ́ irú ti Janney kì í sì í so họ́ọ̀sì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń so ó lára wágọ́nù ẹrù, bí àwọn onítírélà ṣe ń so tiwọn. Karl Scharfenberg, ará Jámánì, ṣe ìkọ́ mìíràn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Lára ọkọ̀ èrò tó ń lò ó ní àwọn ìlú ńlá, afẹ́fẹ́ àti iná mànàmáná ń so pọ̀ pẹ̀lú ìkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ jù lọ wágọ́nù ẹrù Yúróòpù ṣì wà lórí ìkọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ lọ́; òṣìṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ wọ àárín títí dòní. Ní 2021 ni wọ́n yan irú ti Scharfenberg fún ti ọjọ́ iwájú. Ohun tó ń dá wọn dúró ni pé gbogbo orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ yí i pa dà pọ̀. Jàpáànù ṣe é: wọ́n ti gbé ìkọ́ tuntun kọ́ sábẹ́ wágọ́nù sílẹ̀, nígbà tó di ọjọ́ 17 oṣù keje 1925, wọ́n dá wágọ́nù ẹrù dúró ní erékùṣù Honshu, wọ́n sì pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Sà, kí lẹ fẹ́ ká ṣe fún iṣẹ́ àmúrelé?

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á fi pákó gbẹ́ orí ìkọ́ kan, pẹ̀lú ìka tó ń yí àti ìdènà tó ń já bọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ so ó mọ́ páálí tó ní táyà. Ìlà ojú ìkọ́ wà lára bọ́ọ̀dù, ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa. Mi ò ní fi tiyín kọ́ tiyín. Ti ẹgbẹ́ mìíràn ni màá fi dán an wò, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Èyí tí kò bá kọ́, bó ti wù kó lágbára tó, òdo ni máàkì rẹ̀.