Onínì: owó oníhò tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ owó ẹyọ

Ihò àárín onínì ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Kí owó yìí tó dé, owó ẹyọ ni wọ́n ń ná ní Kàbà, ní Bùnú, ní Ìjùmú àti ní Yàgbà, ní ilẹ̀ Òkun tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kogí lónìí, wọ́n sì máa ń sín in sókùn: ogójì ẹyọ lórí okùn kan, àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan. Ó rọrùn fún ẹni tó fẹ́ ra iyọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ra aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ ìkẹyìn fún olóyè ní Bùnú, alárù ni yóò bá a ru owó rẹ̀ dé ọjà.

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fi Lọ́kọ́ja ṣe olú-ìlú Àríwá ní 1900, ṣílè àti sísì ni ìjọba fẹ́ kí àwọn èèyàn máa ná. Kọ́bọ̀ kan péré, ìyẹn pẹ́nì Gẹ̀ẹ́sì, sì ti pọ̀ jù fún ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń pàtẹ lọ́jà. Ní 1907 ni wọ́n wá rọ onínì: mẹ́wàá rẹ̀ kọ́bọ̀ kan, márùn-ún ẹ̀pìnnì, ọgọ́fà ṣílè kan. Wọ́n dá ihò sí i kí ẹni tó mọ owó sín lè máa sín in lọ. Ọgbọ́n gidi ló wà nínú ìyẹn. Alumíníọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é, àmọ́ ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ń jẹ ẹ́, kíá ni wọ́n sì yí i sí bàbà tí wọ́n pò mọ́ níkẹ́lì.

Ihò náà kò jẹ́ kí àyè wà fún orí ọba. Adé àti orúkọ ọba ni wọ́n kọ sójú kan, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà sì wà lójú kejì. Ìdí nìyí tí onínì 1936 fi gbé orúkọ Edward Kẹjọ, ọba tí kò lò tó oṣù mọ́kànlá lórí oyè, tí wọn kò sì dé ládé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, owó tó yẹ kó gbé àwòrán orí rẹ̀ kò dé ọwọ́ ará ìlú.

Ọjà ló máa ń kọ́kọ́ pa owó kékeré kí ìjọba tó sin ín. Nígbà tí kò bá sí ohun tí onínì kan lè rà mọ́, alátẹ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọjà jọ sí ẹ̀pìnnì, ẹ̀pìnnì. Kò sẹ́ni tí yóò máa béèrè onínì mọ́, owó tí wọ́n sì fi ń rọ ọ́ kò dín. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ gbé owó Nàìjíríà jáde ní 1959, ẹ̀pìnnì ló kéré jù nínú rẹ̀.

Ààbọ̀ kọ́bọ̀ ti ayé náírà náà tọ ọ̀nà yẹn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, náírà méjì rọ́pò pọ́ùn kan, ṣílè sì di kọ́bọ̀ mẹ́wàá dípò méjìlá. Alátẹ tó bá ṣì ń pe ọjà rẹ̀ ní kọ́bọ̀ kan ti fi ìdámárùn-ún lé e láìyí ẹnu padà. Ọdún 1973 nìkan ni wọ́n kọ sára ààbọ̀ kọ́bọ̀, kò sì sí láàárín owó wẹ́wẹ́ tuntun tí wọ́n rọ ní 1991.

Lónìí, òṣùwọ̀n ló ń ṣe iṣẹ́ tí onínì ń ṣe. Ní ọjà Kàbà tàbí Ìsánlú, tí gààrí bá gbówó lórí díẹ̀, iye owó lè má yí rárá, òkìtì orí múdù ni yóò lọ sílẹ̀. Tí ó bá wálẹ̀ díẹ̀, èènì ni oníbàárà yóò fi mọ̀.