Ìsọ̀: orúkọ tó yẹ kí SIG máa jẹ́ lẹ́nu Yorùbá

Kò sí ìyàwó tí a fẹ́ gbé, kò sí ẹni tó ń dẹnu ìfẹ́ kọ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, bí ẹ bá sọ fún ará Abẹ́òkúta pé ẹ wà nínú "ẹgbẹ́ ìfẹ́ pàtàkì", ó lè bi yín léèrè ọjọ́ ìdána. SIG, ìyẹn "special interest group" lédè Gẹ̀ẹ́sì, ni àwọn tó hun gbólóhùn náà ní lọ́kàn: àwọn díẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ǹpútà tí nǹkan kan náà ń jẹ lógún, tí wọ́n sì ń jókòó pọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta, wọ́n wá ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwé atúmọ̀, wọ́n tò ó, wọ́n ní ó ti di Yorùbá. Ta ló gbọ́ irú rẹ̀ rí?

Ìfẹ́ kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà dúró fún, ohun tó ń jẹni lógún ni. Èyí tó tún burú ni pé gbólóhùn kan náà ni àwọn Òyìnbó ń lò fún àwọn tó ń rọ̀gbà yí ìjọba ká láti gba ojúrere. Bí a bá tú u lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó fẹ́ kọ́ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, àti ẹni tó fẹ́ kí wọ́n dín owó orí òun kù á máa jẹ́ orúkọ kan náà. Kí ló kó wọn pọ̀?

Ìsọ̀ ni kí a máa pè é. Ẹ wọ ọjà Kútọ̀ lọ́jọ́ tó bá kún. Àwọn aláta jókòó ti ara wọn, àwọn ẹlẹ́ran wà níbi tiwọn, ẹ óò sì rìn díẹ̀ kí ẹ tó kan àwọn aláṣọ. Ọjà kan náà ni, gbogbo wọn ló jọ ń dá owó ìgbálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí tàtàṣé bá wọ́n lójijì, ìsọ̀ aláta lẹ máa lọ láti mọ ìdí rẹ̀, torí àwọn ló máa kọ́kọ́ gbọ́ pé ọkọ̀ há sọ́nà. Ẹlẹ́ran kò mọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní bá a wí pé kò mọ̀. Aláta tó bá sì fẹ́ ra àǹkárá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa fi rìn dé ìsọ̀ aláṣọ, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló wá ṣe. Bí SIG ṣe rí nìyẹn látòkèdélẹ̀. Àwọn kan tún máa ń pín in sí ti irú ẹ̀rọ àti ti irú iṣẹ́. Ìyẹn ò kàn mí. Ìsọ̀ ni gbogbo wọn.

Àwọn tó ní ká kàn máa sọ pé "síìgì" rò pé ọ̀rọ̀ àyálò ni mo kórìíra. Rárá o. "Kọ̀ǹpútà" ni mo ń kọ, mi ò kọ "ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá" rí, torí àṣá kì í ṣírò, àìmọye kọ̀ǹpútà ló sì wà nílùú yìí tí ìgbín yá jù lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá máa yá, ká yá odidi rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta tí Òyìnbó gé kúrò lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta, kí ni Yorùbá fẹ́ fi ṣe? Ẹni tí kò gbọ́ dáadáa á rò pé sìgá ni wọ́n ń mu níbẹ̀.

"Ìgbìmọ̀ kékeré" tí àwọn mìíràn ń pè é ṣìnà pátápátá. Ẹgbẹ́ ló ń yan ìgbìmọ̀, tó ń rán an níṣẹ́, tó ń retí èsì. Bí iṣẹ́ bá parí, ìgbìmọ̀ tú ká. Kò sẹ́ni tó rán ìsọ̀ níṣẹ́. "Ọ̀wọ́" ló sún mọ́ ọn jù, àwọn tó ń jà fún un sì gbọ́ Yorùbá dénú, ìdí nìyẹn tó fi dùn mí pé wọ́n ṣì í. Ohun tó wà nínú ọ̀wọ́, ẹlòmíràn ló kó o síbẹ̀. Ẹran kì í yan ọ̀wọ́ tó wà. Ẹni tó wà ní ìsọ̀, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àpótí ìjókòó lọ síbẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ta ló ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Ẹ fi "Owo Linux, aago meji ola" ránṣẹ́ wò: ọ̀kan á rò pé owó lẹ ń bèèrè, òmíràn á rò pé ìlú Ọ̀wọ̀ lẹ ń lọ. "Agbo" náà bọ́ sínú kòtò yìí, torí àgbo tí a ń mu àti àgbò tí a ń pa lọ́dún Iléyá kò jìnnà sí i.

Wọ́n ní ìsọ̀ jẹ́ ibi ọjà títà, ẹgbẹ́ ò sì ń tajà. Ṣebí ìsọ̀ náà ni àwọn àgbà ń pe ibi tí aránṣọ jókòó sí, iṣẹ́ ọwọ́ ló sì ń ṣe níbẹ̀. Àbùkù kan ṣoṣo tí mo gbà pé ó ní ni pé ẹni tó bá ṣèèṣì fi àmì sábẹ́ lẹ́tà "s" lè sọ ọ́ di ìṣọ́ òru.

Nǹkan ọ̀hún kì í ṣe tuntun. ACM, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1947, ní irú rẹ̀ lóríṣiríṣi. SIGGRAPH, ìsọ̀ àwòrán orí kọ̀ǹpútà, ti ń ṣe àpérò tirẹ̀ láti 1974. Àwọn tó kàn ń lo ẹ̀rọ náà ṣe é. Boston Computer Society, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1977 tó sì tú ká ní 1996, ní àwọn ìsọ̀ tó dá lórí irú ẹ̀rọ tí ọmọ ẹgbẹ́ ń lò, nígbà tí sọ́fítíwíà ẹ̀rọ kan kì í ṣiṣẹ́ lórí òmíràn.

Ẹgbẹ́ tó ní ènìyàn 30, tó ń pàdé fún wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kò gbọdọ̀ ní ju ìsọ̀ mẹ́ta lọ. Bí ó bá di márùn-ún, ènìyàn mẹ́fà ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì nínú wọn á lọ òde ìnáwó ní Sátidé, ọ̀kan á pẹ́, ó ku àwọn mẹ́ta tó ń wojú ara wọn. Kí ìsọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ènìyàn márùn-ún fọwọ́ síwèé, kí wọ́n fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ ohun tí wọ́n fẹ́ máa ṣe, kí wọ́n yan olórí àti igbákejì. Ẹ má fi ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ṣe olórí: á sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì, ẹnikẹ́ni ò sì ní fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó ń rántí ọjọ́ tó sì ń ṣílẹ̀kùn lásìkò ló tọ́ sí. Wákàtí àkọ́kọ́ jẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́, méjì tó kù jẹ́ ti àwọn ìsọ̀. Inú àpò ẹgbẹ́ nìkan ni owó ti ń jáde; ìsọ̀ tó bá ti ń gba owó oṣù tirẹ̀ ti ń di ẹrù rẹ̀ nìyẹn.

Iná ni wọ́n máa ń gbàgbé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tó ń gbé wáàtì 650: pírójẹ́kítọ̀ á jẹ bíi 250, lápútọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan tó ń gbaná á jẹ bíi 65. So mẹ́fà mọ́ ọn, ó di 640, kò sí àyè mímí mọ́. Nítorí náà, ìsọ̀ kan ṣoṣo ló ń tan pírójẹ́kítọ̀ lóṣù kan, kí lápútọ́ọ̀pù tí wọ́n so mọ́ ọn má sì ju mẹ́rin lọ; kí àwọn ìsọ̀ yòókù ti gba iná sí bátìrì láti ilé wá, kí wọ́n sì máa gba ipò náà ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìsọ̀ ìkọ̀wé Yorùbá lè gbé sórí tábìlì, kí ẹ lè rí ìdí tí kò fi lè jẹ́ ọ̀rọ̀ gbogbo ẹgbẹ́. Lẹ́tà "ẹ́" kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode, àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀. Ẹnì kan á lo ẹ tó jẹ́ 1EB9, á fi àmì òkè 0301 lé e. Ẹlòmíràn á mú é tó jẹ́ 00E9, á fi àmì róbótó 0323 sábẹ́ rẹ̀. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá "ẹgbẹ́" nínú fáìlì, ẹ̀rọ lè rí èyí kó fo ìyẹn. Bí ẹ bá fi sọ́fítíwíà yí fáìlì náà sí NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ di ọ̀nà kan ṣoṣo, méjèèjì á di ọ̀kan. Ìyọnu gidi wà lọ́dọ̀ ẹni tó fi ìlà òòró 0329 sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì róbótó: NFC kò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ gbogbo 0329 sí 0323, lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣe NFC. Bí ẹ bá yí ìtò náà po, ojú ò ní rí àṣìṣe kankan, wíwá ọ̀rọ̀ kò sì ní tíì dáa. Láti mọ èyí tó wà nínú fáìlì yín, ẹ gbé kọ́sọ̀, ìlà tó ń ṣẹ́jú níbi tí ẹ ti ń kọ̀wé, sẹ́yìn lẹ́tà nínú LibreOffice tó jẹ́ sọ́fítíwíà ìkọ̀wé, ẹ tẹ Alt pẹ̀lú X, nọ́ńbà á yọ. Kí ènìyàn mẹ́jọ tó ṣe èyí lórí fáìlì tiwọn, wákàtí kan àtààbọ̀ ti lọ. Ọmọ ẹgbẹ́ tó wá torí ọ̀rọ̀ iná sólà á ti sùn.

Ohun tó ń pa ìsọ̀ jù ni WhatsApp. Ìbéèrè kan náà á jáde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ìdáhùn á rì sábẹ́ "ẹ káàárọ̀" àti àwòrán òdòdó. Kí igbákejì máa kọ ìdáhùn tó ṣiṣẹ́ sínú fáìlì kan, ààbọ̀ ojú-ewé lóṣù, kó sì kà á ní wákàtí àkọ́kọ́ ìpàdé tó tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni ẹlẹ́ran ti máa mọ ìdí tí ata fi wọ́n.

Ìsọ̀ tí kò bá rí ènìyàn mẹ́ta fún oṣù mẹ́ta léraléra, kí wọ́n pa á tì láìjà. Kí olórí rẹ̀ dá wáyà ìfàgùn àti fìláàṣì padà fún akápò, kó fi fáìlì ìdáhùn sílẹ̀ fún akọ̀wé, kí wọ́n sì nu orúkọ rẹ̀ kúrò lórí pátákó.