Ọwọ́ Ta Ló Di Okùn Mú? Bí Gúúsù Áfíríkà Ṣe Fi Ìdájọ́ Ikú Sílẹ̀

Tá a bá gbọ́ pé ìlú kan kì í pa ọ̀daràn mọ́, ohun tá a sábà máa ń rò ni pé àánú ló pọ̀ lójú wọn, tàbí kó jẹ́ pé olè ò pọ̀ níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tó bá ti gbé Johannesburg rí mọ̀ pé adigunjalè ò wọ́n níbẹ̀, síbẹ̀ láti 1995 ìjọba Gúúsù Áfíríkà ò lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹgi fún apààyàn tàbí adigunjalè kankan mọ́. Ohun tójú wọn ti rí ló fà á, àti bí ohun tójú rí yẹn ṣe wọnú ìwé òfin.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n Pretoria ni wọ́n ti máa ń yẹgi. Ibi tí wọ́n kọ́ fún un, èèyàn méje ló lè gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, okùn méje lórí ìlà kan. Àtẹ̀gùn 52 lèèyàn máa gùn kó tó débẹ̀. Tó bá ti di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àwọn tó kù nínú sẹ́ẹ̀lì á máa kọrin fún àwọn tí wọ́n fẹ́ mú lọ, orin á máa lọ títí ilẹ̀ á fi mọ́, wọ́n á wá gbọ́ gbàmù, ibi gbogbo á sì pa lọ́lọ́. Lọ́dún 1987 nìkan, èèyàn 164 ni wọ́n yẹgi fún. Ó lé ní mẹ́ta lọ́sẹ̀ o, ẹ fọwọ́ kà á.

Ta ni wọ́n ń pa? Apààyàn pọ́ńbélé ni àwọn kan lára wọn, kò sẹ́ni tó máa jiyàn ìyẹn. Àmọ́ ayé apartheid là ń sọ yìí, ìjọba tó ń fi àwọ̀ ara pín èèyàn, òyìnbó ni adájọ́, aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń dájọ́ ikú fún, tálákà ni wọ́n, tí ò lówó lọ́yà gidi. Wọ́n sì ń fi okùn yẹn kan náà mú àwọn tó ń bá ìjọba jà. Vuyisile Mini, aṣáájú òṣìṣẹ́ tó tún máa ń kọ orin, 1964 ni wọ́n yẹgi fún un, orin ló sì ń kọ lọ síbẹ̀. Solomon Mahlangu, ọmọ ọdún 22, 1979 ni tiẹ̀, kì í ṣe òun ló yìnbọn, ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ni, wọ́n ṣì pa á náà. Mandela pàápàá, 1964 yẹn, ikú ló ń retí kí adájọ́ tó fún un lẹ́wọ̀n gbére.

Bó ṣe wá dénú òfin rèé. November 1989 ni wọ́n yẹgi kẹ́yìn. Nígbà tó di February 1990, de Klerk tó jẹ́ ààrẹ kéde pé kí wọ́n dáwọ́ ẹ̀ dúró ná, ọjọ́ yẹn náà ló ní kí ẹgbẹ́ ANC, ẹgbẹ́ Mandela, máa ṣe òṣèlú padà. Wọ́n wá jókòó kọ òfin tuntun ní 1993, ANC ní kí wọ́n fòpin sí ìdájọ́ ikú, ìjọba òyìnbó ò gbà, ni wọ́n bá kọ gbólóhùn kúkúrú kan sílẹ̀ pé gbogbo èèyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti wà láàyè. Ó tán. Wọn ò fi "àyàfi" kankan sí i. Kóòtù tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òfin ilẹ̀ ni kó lọ túmọ̀ ẹ̀.

Ẹjọ́ ìdájọ́ ikú yìí ni kóòtù yẹn kọ́kọ́ gbọ́, ní February 1995, ẹjọ́ àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n pa èèyàn mẹ́rin níbi ìdigunjalè. Ẹ wá wo àwọn tó jókòó sórí àga. Arthur Chaskalson, olórí wọn, wà lára lọ́yà tó gbẹjọ́ Mandela rò ní 1964. Albie Sachs, apá ọ̀tún ẹ̀ ti lọ, ojú kan ti lọ, bọ́ǹbù táwọn èèyàn apartheid fi sínú mọ́tò ẹ̀ ní Maputo, ní Mòsáńbíìkì, ní 1988 ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún irú adájọ́ yẹn pé kó fọkàn balẹ̀, ìjọba ò lè ṣi agbára lò. Nígbà tó di June 6, gbogbo adájọ́ mọ́kànlá ló panu pọ̀ pé ìdájọ́ ikú lòdì sí òfin. Wọ́n sọ̀rọ̀ ubuntu, pé ara ẹnì kejì lèèyàn ti ń jẹ́ èèyàn. Wọ́n tún sọ pé ká tiẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ará ìlú ń fẹ́ kí wọ́n máa yẹgi, ìyẹn ò tó, torí tó bá jẹ́ ẹnu èrò ló ń pinnu ẹ̀tọ́, kí wá ni wọ́n ń kọ òfin ilẹ̀ fún?

Ojú tiwa náà ní Nàìjíríà ti rí nǹkan, àmọ́ ibòmíì ló já sí. Lẹ́yìn ogun Bìáfírà, ìbọn kún ìgboro, ṣọ́jà ṣòfin ní 1970 pé adigunjalè á kú, ni wọ́n bá ń so wọ́n mọ́ òpó ní Bar Beach, èrò á sì ya lọ wòran bí ẹni ń lọ wo bọ́ọ̀lù. Àwọn adigunjalè bí Oyenusi, tí wọ́n yìnbọn pa ní 1971, làwọn èèyàn ṣì ń rántí, kì í ṣe ajàfẹ́tọ̀ọ́. "Àyàfi" sì wà nínú òfin tiwa, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa èèyàn àyàfi tó bá jẹ́ ìdájọ́ kóòtù, ohun tí kóòtù tó ga jù gbé ẹsẹ̀ lé ní 1998 nìyẹn tí wọ́n fi ní kò sóhun tó burú níbẹ̀. Oṣù márùn-ún péré lẹ́yìn ìdájọ́ Gúúsù Áfíríkà, November 10, 1995, Abacha yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àtàwọn mẹ́jọ mí-ìn ní Port Harcourt. Mandela wà ní ìpàdé Commonwealth ní Auckland lọ́jọ́ náà, inú bí i débi pé òun náà wà lára àwọn tó ní kí wọ́n dá Nàìjíríà dúró nínú ẹgbẹ́ náà.

Lónìí, tí wọ́n bá ti pa ọmọdé kan ní Gúúsù Áfíríkà báyìí, ariwo á ta pé kí wọ́n dá okùn padà. Kó tó lè padà, wọ́n gbọ́dọ̀ yí ìwé ẹ̀tọ́ inú òfin, ìyẹn sì gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ọmọ ilé ìgbìmọ̀ pẹ̀lú ìpínlẹ̀ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi ní Pretoria yẹn, wọ́n tún un tò ní 2011, wọ́n sọ ọ́ di ibi ìrántí. Àwọn ẹbí àwọn tí wọ́n pa ti lọ síbẹ̀, wọ́n gun àtẹ̀gùn 52 yẹn fúnra wọn.